Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ ní ní London, ẹ má fi gbogbo ẹ̀ kí ẹbí tán

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ àǹkárá ni mò ń tà ní Gbági tuntun. Lọ́dún tó ń bọ̀ ló máa pé ọdún 25 tí èmi àti dádì àwọn ọmọ ti fẹ́ra, àwa méjèèjì ò sì tíì wọ bàálù jáde nílẹ̀ yìí rí, la bá ní ká lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní London ní oṣù kẹfà. Àbúrò ọkọ mi wà ní Dagenham, ó ní ọ̀dọ̀ òun la máa dé sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní Peckham, ó ní tá ò bá sùn lọ́dọ̀ òun, òun máa bínú. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Manchester, òun náà ti ń pè mí. Mo ti kọ ibi tá a fẹ́ wò sílẹ̀, ó ti lé ní ogún, orúnkún sì ń dun ọkọ mi, kò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Ẹ bá mi tò ó, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá. — Ìyá Ìbejì, Gbági.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire o! Ọdún 25 kì í ṣe ọjọ́ 25, Olúwa á jẹ́ kẹ́ ẹ jọ ṣe àádọ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ká mi lára jù, torí mo ti rí i lára àwọn èèyàn wa tó pọ̀. Wọ́n á fi owó ńlá ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dé London, ọjọ́ kìíní wọ́n á lọ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kejì wọ́n á lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin wọ́n á máa ra bàtà àti báàgì tí wọ́n rán wọn láti ilé, kí wọ́n tó mọ̀, ọjọ́ ìpadà ti dé, tẹ́ ẹ bá wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, wọ́n á ní àwọn rí ẹbí. Ẹbí dáa, a ò lè sọ ẹbí nù. Àmọ́ ìrìnàjò ẹ̀yin àti ọkọ yín nìyí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣiṣẹ́ fún un. Ẹ mú ọjọ́ kan ṣoṣo, Sátidé ló dáa jù torí ọ̀pọ̀ wọn ò ní sí níbi iṣẹ́, kí ẹ ní kí gbogbo wọn wá bá yín ní Peckham, ẹ jọ jẹun, ẹ pín ẹ̀bùn tẹ́ ẹ gbé wá, ó parí. Manchester, ẹ má dán an wò jàre. Ó ju wákàtí méjì lọ nínú rélùwéè ní àlọ nìkan, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sì máa ń wọ́n gan-an téèyàn ò bá tètè rà á. Kí ọ̀rẹ́ yín wá bá yín ní London, òun ló mọ ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Ilé ẹbí kì í gbowó, hòtẹ́ẹ̀lì London sì wọ́n, nítorí náà mi ò ní ní kẹ́ ẹ lọ gba hòtẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n sóònù karùn-ún ni Dagenham wà. Wọ́n pín London sí sóònù sóònù, èyí àkọ́kọ́ ló wà ní àárín gbùngbùn, bẹ́ ẹ ṣe ń jìnnà sí i ni nọ́ńbà ń lọ sókè tí owó ọkọ̀ náà ń lọ sókè. Láti Dagenham dé àárín ìlú, ẹ fi bíi wákàtí kan sílẹ̀, ìpadà náà wákàtí kan, ẹ wá fi ọjọ́ méje ṣírò ẹ̀ fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Peckham, sóònù kejì ni. Bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 12 ń gba Peckham kọjá lọ sí Westminster láìjẹ́ pé ẹ pààrọ̀ ọkọ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ẹ ti ń wo agogo Big Ben. Tó bá jẹ́ èmi ni, Peckham ni mo máa sùn. Àmọ́ ọkọ yín ni kó pe àbúrò ẹ̀ fúnra ẹ̀ kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúnkún fún un, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa pè é o, kó má lọ di pé ìyàwó ló ní ká má dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ lè sun Dagenham lóru tó ṣáájú ọjọ́ ìpadà, kí ara tu gbogbo èèyàn.

Ọkọ̀ wíwọ̀ ò le. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì London ò gba owó lọ́wọ́ látọdún 2014, ẹ má nawọ́ pọ́n-ùn sí dírẹ́bà. Ẹ ra kádì tí wọ́n ń pè ní Oyster, ẹ kó owó sí i, kádì tiyín lọ́tọ̀, ti ọkọ yín lọ́tọ̀, torí ẹni méjì ò lè fi kádì kan wọ rélùwéè. Nínú bọ́ọ̀sì ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé nìkan, nínú rélùwéè ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìwọlé ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní ìjáde, tẹ́ ẹ bá gbàgbé ti ìjáde, owó tí wọ́n máa yọ máa dùn yín. Tẹ́ ẹ bá ti sanwó bọ́ọ̀sì kan, gbogbo bọ́ọ̀sì míì tẹ́ ẹ bá wọ̀ láàárín wákàtí kan sígbà yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Iye kan sì wà tí owó ọjọ́ kan ò ní kọjá, bó ti wù kẹ́ ẹ wọkọ̀ tó. Ní ti orúnkún, bọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ fẹ́ràn, ilẹ̀ ẹ̀ ò ga. Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tube ti pẹ́ láyé, ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ ẹ̀ ni ò ní lífìtì. Èyí téèyàn lè wọ̀ láìgun àtẹ̀gùn ní gbogbo ibùdókọ̀ ni Elizabeth line tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022, ó sì ń dé pápákọ̀ òfurufú Heathrow, nítorí náà ẹ jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ ti Heathrow tí owó ẹ̀ ò bá fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọdá títì, ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Àwa ti kúrò lórí wíwa ọkọ̀ lápá òsì látọdún 1972, àwọn ò kúrò. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú títì láwọn ibì kan.

Ó wá kan ibi wíwò. Ogún ibi yẹn, ẹ gé e sí mẹ́fà. Ọjọ́ kan, àdúgbò kan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ sùn. Ọjọ́ kan fún Westminster àti ààfin Buckingham, ẹ̀ṣọ́ ọba máa ń pààrọ̀ ní aago mọ́kànlá àárọ̀ láwọn ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó jáde. Ọjọ́ kan fún Greenwich, níbi tí ìlà tí wọ́n fi ń ṣírò aago gbogbo ayé gbà kọjá, àmọ́ òkè ló wà, ẹ rọra gùn ún. Lọ́jọ́ Sunday, ẹ lọ sìn ní kàtídírà St Paul's. Àwọn tó wá wòran níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ ń sanwó, ẹni tó bá wá jọ́sìn kì í san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ Áńgílíkà, tí agbára bá sì wà, rélùwéè láti St Pancras ń dé Canterbury ní bíi wákàtí kan, nínú kàtídírà ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Ajayi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864.

Ibi tí mi ò ní gbà kẹ́ ẹ yọ kúrò ni British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Kò gbowó ìwọlé. Ẹ má ní ẹ fẹ́ wò ó tán, kò ṣeé wò tán. Ẹ sọ fún wọn pé apá ti Áfíríkà lẹ fẹ́, yàrá nọ́ńbà 25, ìsàlẹ̀ ló wà, ẹ bèèrè lífìtì. Orí idẹ kan wà lára ohun ìní wọn tó wá láti Ilé-Ifẹ̀. Lọ́dún 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ni wọ́n bá kan àwọn orí idẹ, èyí tó pọ̀ jù wà nílé lọ́dọ̀ wa, ọ̀kan yìí ló dé ibẹ̀. Mo dúró níwájú ẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, wọ́n tò tímọ́tímọ́ bíi ti aṣọ òfì, adé wà lórí ẹ̀, àmì ọ̀dà pupa àti dúdú ò tíì parẹ́ tán lára adé yẹn, ètè ẹ̀ sì rí bí ètè ẹni tó fẹ́ dáhùn ìkíni. Ojú èèyàn wa ni, ojú tẹ́ ẹ lè bá pàdé ní Ọjà Ọba láàárọ̀ yìí. Mo kí i, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Àwọn iṣẹ́ ọnà Benin tí wọ́n kó lọ́dún 1897 náà wà níbẹ̀. Kí ọkọ yín jókòó síbẹ̀ kó wò ó dáadáa, ẹ má kánjú.

Físà ńkọ́? Orí sáìtì ìjọba wọn ni wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù, ó di oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ ìrìnàjò kí wọ́n tó gbà á, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lọ tẹ̀ka, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa fi ń dáhùn. Ìwé ọjà yín ní Gbági, ìwé báǹkì tó fi owó tó ń wọlé tó ń jáde hàn lóṣooṣù, òun ni kẹ́ ẹ fi han. Ẹ má gba fún agent tó bá ní òun máa bá yín fi mílíọ̀nù sí àkáǹtì lọ́sẹ̀ kan. Agent kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìbátan mi, irọ́ ni wọ́n pè é, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ní kó má fi dé ibẹ̀. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò náà, torí tí wọ́n bá dá àlejò dúró sí wọ́ọ̀dù ọsibítù lọ́hùn-ún, bíìlì ẹ̀ pọ̀.

Ẹ tètè kúrò n'Íbàdàn o. Tí bàálù bá jẹ́ ti alẹ́, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ gbéra, ẹ mọ bí títì márosẹ̀ yẹn ṣe ń rí tí táńkà kan bá ṣubú.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, èmi àti màmá mi náà ń lọ London ní oṣù kẹfà. Mùsùlùmí ni wá, mo gbọ́ pé oòrùn kì í tètè wọ̀ níbẹ̀, báwo la ṣe máa kírun? — Ọ̀dọ́kùnrin, Mọ́kọ́lá.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, àbúrò mi. Ní oṣù kẹfà, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ dáadáa, nítorí náà Mọ̀gáríbì ò ní tíì tó nígbà tí oorun ti ń kun màmá, Sùbúù náà sì máa ń tètè dé gan-an. Ẹ fi áàpù àkókò ìrun sórí fóònù kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ má fi ti Ìbàdàn lé e. Aago ọwọ́ kò yàtọ̀ o, aago kan náà la jọ ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà ní Regent's Park, òmíràn wà ní Whitechapel, obìnrin ní ibi tiwọn, oúnjẹ hàláálì sì pọ̀ yí Whitechapel ká. Kí màmá máa sùn lọ́sàn-án, tẹ́ ẹ bá ti jẹun tán.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè gbé kílíṣí, pọ̀nmọ́ àti wàrà lọ fún ọmọ mi? — Ìyá Àgbà, Ọ̀jẹ́.

ÌDÁHÙN: Rárá o, Mà. Ohunkóhun tó bá jẹ́ ẹran tàbí wàrà láti ọ̀dọ̀ wa, wọn ò gbà á wọlé, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀. Ẹ fi àyè yẹn gbé aṣọ fún un. Ọmọ náà máa rí iṣu, ewédú àti ata rodo rà ní Rye Lane ní Peckham.