Ẹ Bi Wá: SSH tó gan lẹ́yìn tí àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà yí padà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Linux ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Tí wọ́n bá ti mú iná, tí ráútà ilé kú, orí hotspot fóònù ni mo máa ń bọ́ sí. Íntánẹ́ẹ̀tì á máa ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ SSH (ohun tí mo fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀) tí mo ti ṣí sílẹ̀ á gan. Mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan kò ní jáde, kò sì ní sọ pé òun ti já. Kí ni ṣíṣe? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: SSH yín ti kú, òun fúnra rẹ̀ ni kò tíì mọ̀. Nǹkan mẹ́rin ni TCP, ìlànà ìfiránṣẹ́ tí SSH ń lò, fi ń dá ìsopọ̀ mọ̀: àdírẹ́sì IP yín àti port yín (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà lára kọ̀ǹpútà), àdírẹ́sì IP server (kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn náà) àti port tirẹ̀. Ká ní 192.168.1.23 lẹ jẹ́ lórí Wi-Fi ilé, tẹ́ ẹ wá di 192.168.43.110 lórí hotspot. Ara bíráúsà le, torí ó lè ṣí ìsopọ̀ tuntun. SSH ní tirẹ̀ ṣì di 192.168.1.23 mú, àdírẹ́sì tí kò sí lára láptọ́ọ̀pù mọ́, Linux kì í sì í torí ìyẹn já a. Tẹ́ ẹ bá tẹ nǹkan, á máa gbìyànjú láti fi í ránṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 15 kó tó gbà pé ó ti tán. Tẹ́ ẹ ò bá tẹ nǹkan kan, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó di ìṣẹ́jú-àáyá 7200, ìyẹn wákàtí 2, kí keepalive TCP (àyẹ̀wò bóyá ẹni ọ̀hún ṣì wà) tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Láti já a lójú ẹsẹ̀, ẹ tẹ Enter, kẹ́ ẹ tẹ `~`, kẹ́ ẹ wá tẹ `.`. Ìbẹ̀rẹ̀ ìlà nìkan ni `~` ti ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí Enter fi ṣáájú. Tó bá jẹ́ pé wọ́n pọ̀, `ss -tn` á fi gbogbo ìsopọ̀ hàn yín. Ẹ wo abẹ́ Local Address bóyá àdírẹ́sì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá pa wọ́n pọ̀:

`sudo ss -K src 192.168.1.23`

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé apá `src` yẹn o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á pa èyí tó ń ṣiṣẹ́ mọ́ ọn. Kernel (ọkàn Linux) tí wọn ò kọ́ agbára yìí sí kò ní ráhùn. Á kàn fi ìsopọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kó má baà máa gan, ẹ fi èyí sínú `~/.ssh/config`:

```
Host *
    ServerAliveInterval 15
    ServerAliveCountMax 3
```

Láàárín bí ìṣẹ́jú-àáyá 45 (15 lọ́nà 3), SSH á já fúnra rẹ̀. Ẹ má sọ 15 di 1. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kàn fà díẹ̀ ni yóò máa já yín sílẹ̀. Lórí server, `ClientAliveInterval 60` nínú `/etc/ssh/sshd_config` ni yóò gbá àwọn òkú tó kù lọ́hùn-ún kúrò. Òdo ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé kì í yẹ ẹnikẹ́ni wò.

Ṣùgbọ́n bí SSH bá já, iṣẹ́ tó ń lọ nínú rẹ̀ lè kú pẹ̀lú rẹ̀. Inú tmux, ètò tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ lórí server bí ìsopọ̀ bá tilẹ̀ já, ni ká ti máa ṣe é: `tmux new -s ise`. Tẹ́ ẹ bá padà, `tmux attach -d -t ise`. `-d` yẹn ló ń lé ìsopọ̀ àtijọ́ tí server ṣì rò pé ó wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé Mosh, ètò mìíràn tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn, ò dáa ju SSH lọ ni? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ó dáa fún ẹni tó ń rìn káàkiri. UDP (ìlànà ìfiránṣẹ́ tí kì í di ìsopọ̀ kan mú bíi TCP) ló ń lò, àdírẹ́sì ìbá yí nígbà mẹ́wàá, kò ní já. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, firewall server (aṣọ́nà rẹ̀) sì gbọ́dọ̀ ṣí port UDP 60000 sí 61000. Kò sì lè ṣe port forwarding (gbígba inú ìsopọ̀ náà darí port kan sí ibòmíràn). SSH lẹ ṣì máa lò fún ìyẹn.