Ojúmọmọ ni wọ́n ń ṣe é

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo wo Macbeth, eré Shakespeare, òǹkọ̀wé eré ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní gbọ̀ngàn kan ní London. Wọ́n pa gbogbo iná kí àwọn àjẹ́ tó jáde. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é nígbà ayé Shakespeare?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Globe, ilé eré ẹgbẹ́ Shakespeare tí wọ́n kọ́ ní 1599 nítòsí odò Thames, kò ní òrùlé láàárín, ọ̀sán sì ni eré máa ń wáyé níbẹ̀. Nítorí náà, bí òṣèré bá gbé àtùpà wọlé, ńṣe ni àtùpà yẹn ń sọ fún èrò pé ilẹ̀ ti ṣú, bí oòrùn tilẹ̀ ń pa wọ́n lórí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń ṣe iṣẹ́ tí iná mànàmáná ń ṣe lónìí. Ẹni tó san pẹ́nì kan á dúró ní àgbàlá títí eré á fi parí. Ọmọdékùnrin ló sì ń ṣe ìyàwó Macbeth, nítorí obìnrin kì í ṣeré níbẹ̀.

Globe náà jóná ní 1613, nígbà tí iná àgbá tí wọ́n yìn nínú eré ràn mọ́ òrùlé koríko. Èyí tí wọ́n kọ́ ní àwòṣe rẹ̀, tó ṣílẹ̀kùn ní 1997, ṣì ní èrò ìdúró, àmọ́ ó ní iná fún eré alẹ́ àti ẹ̀rọ tí ń wọ́n omi sí òrùlé. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣèré kan láti Èkó ti ṣe Ìtàn Ògìnìntìn (The Winter's Tale, eré Shakespeare) ní èdè Yorùbá ní 2012, tí ọba onílara inú rẹ̀ di Ṣàngó. Lójú tèmi, ìyẹn sún mọ́ Shakespeare ju òkùnkùn tí ẹ jókòó sí lọ, nítorí òṣèré ń rí ojú èrò, ó sì lè bá wọn sọ̀rọ̀.