Èsì: Irúgbìn ilá tó bu, tí kò sì hù

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ ní irúgbìn ilá tí ẹ dì sínú ọ̀rá láti ọdún tó kọjá ti bu, èyí tí ẹ gbìn lóko Ọ̀dà kò sì hù dáadáa. Ẹ wá bi wá bóyá ilẹ̀ ló burú. Kì í ṣe ilẹ̀ rárá, ọ̀rinrin ni.

Àkúrẹ́ wa yìí, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í gbẹ. Irúgbìn tí kò gbẹ dénú, tí a wá dì í lọ́rá, á máa làágùn níbẹ̀, èbu kan tí wọ́n ń pè ní Aspergillus á sì ráyè bà á jẹ́ látinú. Fusarium, èbu mìíràn, ní tirẹ̀ lè ti oko tẹ̀lé irúgbìn wálé. Àwọn onímọ̀ ní bí omi inú irúgbìn bá fi ìdá 1 nínú 100 dín kù, bí ìlọ́po méjì ni yóò ṣe pẹ́ sí i. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé gbígbẹ sàn ju fíríìjì lọ, pàápàá pẹ̀lú iná tiwa yìí.

Ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kí ẹ sá a sí, kì í ṣe orí títì. Ẹ fi eyín gé ẹyọ kan: bí eyín bá wọlé, kò tíì gbẹ. (Ẹ má dán èyí wò pẹ̀lú irúgbìn alágolo tí wọ́n ti po oògùn mọ́ o, májèlé ni.) Lẹ́yìn náà, ẹ dà á sínú ìgò tó ní ìdérí tó le dáadáa.

Èyí tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ ka 100 sórí aṣọ tútù. Bí èyí tó hù kò bá tó ìdajì lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ra tuntun.