Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé "Sọ" Ni Tàbí "Kọ"?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Iléṣà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, Fágúnwà ní ìtàn kan wà tí òun fẹ́ sọ, bẹ́ẹ̀ ìwé ni ó ń kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní àṣìṣe ni. Èsì wo ni kí n fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí ọmọ náà, nítorí ojú rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí ó padà sí ibi tí Àkàrà-oògùn, ọdẹ tí ó ni ìtàn náà, tí ó ti di arúgbó, ti wá bá òǹkọ̀wé náà, tí ó ní kí ó mú gègé, kí ó kọ ìtàn tí òun yóò sọ sílẹ̀, kí ó má sì fi dọ̀la, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé ikú lè dé lójijì kí ìtàn náà sì bá òun lọ. Ẹni tí ó ni ìtàn ní ń sọ, ẹni tí ó gbé gègé ní ń kọ. Nígbà tí èrò tí ń wá gbọ́ ìtàn náà sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, etí ni wọ́n gbé wá, wọn kò wá wo ìwé.

Ti Fágúnwà fúnra rẹ̀ ni ó wù mí jù. Ó kọ́kọ́ pè wá ní ọ̀rẹ́, ó fi ìtàn náà wé ìlù àgídìgbo tí òun yóò lù kí àwa jó o. Ẹni tí ó bá ti sọ ara rẹ̀ di onílù níwájú ọ̀rẹ́, "kọ" kò lè gba ẹnu rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ilódè, Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, èmi ni mo máa ń bá ìyá mi àgbà kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìdálẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo fi "Mo kọ ìwé yìí sí ọ" bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kà á sí i létí, ó ní kí n pa á rẹ́: òun kò kọ nǹkan kan, òun ń bá ọmọ òun sọ̀rọ̀ ni. Òkè-Igbó, níbi tí wọ́n bí Fágúnwà sí, kò jìnnà sí wa; irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ni ó gbé wọ inú ìwé tí ó jáde ní 1938.

Nínú àròkọ rẹ̀, kí ọmọ náà kọ ọ́ pé Fágúnwà kọ ìwé márùn-ún irú èyí. Bí ó bá kan ohùn tí ń bá wa sọ̀rọ̀ nínú wọn, kí ó lo "sọ".