Ṣáṣí ni kí o bi léèrè, má bi dílà

Àbúrò, o ní Corolla 2010 kan ni wọ́n fi hàn ọ́ ní Abuja, pé 61,000 máìlì ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti fà á sẹ́yìn. Tí o bá ti san owó kankan sílẹ̀, lọ gbà á ná kí o tó ka ìyókù.

Máìlì fífà sẹ́yìn ò le rárá. Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n ń kì bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíárì. Kí mai suya tó gé tìẹ tán, wọ́n ti parí ẹ̀. Ṣáṣí nọ́ńbà ni kí o gbájú mọ́. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ó tún wà níbi ilẹ̀kùn awakọ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ìwé mu. Kì í sí I, O tàbí Q nínú ẹ̀. Ìkẹwàá ni ọdún ọkọ̀: A ni 2010, 9 ni 2009. Gbé e lọ sí Carfax tàbí AutoCheck, ìkànnì tí wọ́n ń kó ìtàn ọkọ̀ Amẹ́ríkà pa mọ́ sí, sanwó, kí o wo máìlì tí wọ́n ti ń kọ sílẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Bí tọdún 2016 bá jẹ́ 118,000, kí lo tún ń bèèrè? Tẹ̀ ẹ́ sórí Google náà, nígbà míì wàá rí fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n lù ú ní gbàǹjo, bó ṣe rún wómúwómú.

Ṣùgbọ́n omi ló jẹ mí níyà ju máìlì lọ. Ọkọ̀ tí mo rà, máìlì ẹ̀ tọ́! Ìwé ẹ̀ pé. Mẹkáníìkì kan tó ń fi ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yangàn dẹtí sí ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ sanwó." Dílà ń fi wallahi tì í lẹ́yìn. Ìgbà ọyẹ́ nìyẹn. Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, wíńdò awakọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀. Iná erbágì tàn, kò kú mọ́. Ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní Berger nínú gosílóò, wọ́n ń bú mi ní Hausa, ní Yorùbá, ní Gẹ̀ẹ́sì. Riwáyà kan ní fíúsì ni. Òmíràn ní bátìrì ni, mo rà á. Òmíràn ní kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni, mo ra ìyẹn náà ní Apo, ó jó. Nígbà tí ẹni tó mọṣẹ́ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè ní Kugbo la rí ẹrẹ̀ gbígbẹ, gbogbo ẹnu wáyà ti dípẹtà. Houston ló ti wá. Omi ìjì Harvey ti 2017 ló mu ún.

Mo gbé ẹjọ́ lọ sí ọ́fíìsì kan. Ọ̀gá ibẹ̀ bi mí bóyá mi ò lójú nígbà tí mò ń sanwó, ó tún ní kí n mú owó epo wá kí wọ́n lè lọ pe dílà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo gbọ́ pé mẹkáníìkì ọlọ́gbọ̀n ọdún yẹn ń gba tiẹ̀ lọ́wọ́ dílà.

Torí náà, ká kápẹ́ẹ̀tì. Fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé ìdí, wo bóyá ojú ilà omi wà níbẹ̀. Yọ táyà sípíà, wo abẹ́ ẹ̀. Tí lọ́fínńdà bá ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀, máa lọ.

Kí n tó gbàgbé: bí wọ́n bá ní ọ̀nà Jibiya, ẹnubodè Katsina, ló gbà wọlé, má dá a láṣà. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ ẹ lójú ọ̀nà Kaduna, dílà ò ní sí níbẹ̀.

Ti máìlì tó o bèèrè: wo rọ́bà pédà bíréèkì, sítíárì, àti etí ìjókòó awakọ̀. Bí wọ́n bá ti jẹ dán, irọ́ ni 61,000. Wo sítíkà ọ́ìlì lórí gíláàsì tàbí létí ilẹ̀kùn, wọ́n máa ń gbàgbé láti ṣí i kúrò. Mú ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè ka kọ̀ǹpútà jíà àti ti bíréèkì dání. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, máìlì àtijọ́ ṣì máa ń wà níbẹ̀. Má jẹ́ kí dílà bá ọ wá onítọ̀hún o. San owó iṣẹ́ ẹ̀ fún un kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó sì mọ̀ pé bí o rà á, bí o ò rà á, owó òun ti pé.