Ṣé a lè lọ koríko òkun sí egbò ẹsẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ, egbò ẹsẹ̀ wọn sì ti lé ní oṣù méjì. Nọ́ọ̀sì fi gọ́ọ̀sì kan dì í, ó ní ara koríko òkun ni wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ń ga wá lára. Ọ̀fẹ́ ni koríko yìí ń wọ́ jọ sí etíkun Lẹ́kí. Ṣé a lè sá a, kí a lọ̀ ọ́, kí a máa bù ú sí egbò náà?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má ṣe é. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ owó, ṣùgbọ́n èrò tí ó wà lábẹ́ ìbéèrè yìí ni ó ń bí mi nínú, nítorí àwọn tí ń ta ìyẹ̀fun koríko òkun nínú ọ̀rá ni wọ́n ń gbìn ín sí àwọn ènìyàn lọ́kàn pé koríko náà fúnra rẹ̀ ni oògùn.

Ohun tí ó wà nínú gọ́ọ̀sì yẹn ni alginate, oje tí ń yọ̀ lára koríko òkun aláwọ̀ búráùn, èyí tí E. C. C. Stanford, ará Britain, kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1881. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n á fi ásíìdì fọ koríko náà, wọ́n á fi sódà yọ oje rẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì tú u sínú omi kálísíọ́ọ̀mù kí ó lè di fọ́nrán bí òwú, kí wọ́n tó pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀. Nígbà tí fọ́nrán yìí bá kan omi egbò, kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ á máa jáde, sódíọ́ọ̀mù inú omi náà á sì máa wọlé dípò rẹ̀, títí tí yóò fi wú, tí yóò sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ìdí nìyí tí a fi ń lò ó fún egbò tí ń ṣomi, tí a kì í sì í lò ó fún èyí tí ó gbẹ, nítorí yóò lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Kò wo àtọ̀gbẹ sàn.

Nínú oògùn mímu pàápàá, ìkòkò ni alginate, kì í ṣe ọbẹ̀: a máa ń fi bo oògùn nítorí pé ó ń sún kì nínú ásíìdì ikùn, ó sì ń wú, tí ó ń tú oògùn sílẹ̀, nígbà tí ó bá dé ìfun. Nínú Gaviscon, oògùn tí a ń lò fún àyà jíjó, ìdérí ni, ó ń léfòó lórí ohun tí a jẹ kí ásíìdì má baà ru sókè.

Sargassum, irú koríko òkun aláwọ̀ búráùn tí ó ti ń ya bo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ọdún 2011 ní alginate nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún máa ń fa májèlé tí a ń pè ní ásẹ́níìkì mọ́ra láti inú òkun, oòrùn kò sì lè sá ìyẹn kúrò lára rẹ̀.

Ní ti owó, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì náà láìtijú. Ó lè yí i padà sí gọ́ọ̀sì lásán tí a fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn rin, kì í ṣe èyí tí ẹ pò nílé. Mi ò tíì rí ẹsẹ̀ ìyá yín, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹni tí ń wò ó ni kí ẹ tẹ̀lé. Kí ṣúgà wọn wálẹ̀, kí wọ́n má sì fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ṣe pàtàkì ju gọ́ọ̀sì yòówù lọ. Bí egbò náà bá ń rùn, tí etí rẹ̀ ń dúdú, tàbí tí ibà mú wọn, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.