Ẹ má tíì ta lẹ́ńsì EF yín

Ẹni tó ń ya ayẹyẹ ní Ṣàgámù, tó fẹ́ fi Canon 6D sílẹ̀ kó gba EOS R6 tòkunbọ̀, tó wá ń béèrè bóyá kó ta lẹ́ńsì EF (irú tí 6D ń lò) 24-70, 50, 85 f/1.8 àti 70-200 f/2.8 IS II ọwọ́ rẹ̀ kó fi ra RF (irú tí wọ́n ṣe fún R6): ẹ má tíì tà wọ́n. Ẹ ra ádápítọ̀ EF-EOS R, òrùka tó ń so lẹ́ńsì EF mọ́ R6, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ká ní Sony lẹ fẹ́ rà ni, ohun tí mo máa sọ ò ní jẹ́ èyí.

Dígí tó wà nínú kámẹ́rà àtijọ́ bíi 6D ló ń gba àyè, òun ló jẹ́ kí lẹ́ńsì EF jìnnà sí sensọ̀ ní 44 mm. Wọ́n yọ dígí kúrò, RF wá jókòó sí 20 mm. Mílímítà 24 tó ṣẹ́ kù ni ádápítọ̀ ń dí. Inú rẹ̀ ṣófo, kò sí gíláàsì kankan níbẹ̀ tó máa ba àwòrán jẹ́. R6 sì gbọ́ èdè EF dáadáa: fókọ́ọ̀sì, aperture (ihò tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé), IS (tó ń mú àwòrán dúró bí ọwọ́ bá gbọ̀n), gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. 85 tí kò ní IS rárá, sensọ̀ tó ń gbọ̀n tẹ̀lé ọwọ́ nínú R6 á bá a dúró. Kódà fókọ́ọ̀sì ojú èèyàn á péye ju ti 6D lọ, torí orí sensọ̀ gan-an ni kámẹ́rà ti ń wò ó. Fókọ́ọ̀sì tó máa ń bọ́ sí etí dípò ojú, tẹ́ ẹ máa ń torí ẹ̀ wọ inú mẹ́nù lọ ṣe àtúnṣe fókọ́ọ̀sì fún lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn parí nìyẹn.

Ibi tó ti máa ń dun èèyàn ni ìwúwo. EF 70-200 yẹn jẹ́ gíráàmù 1490. Ẹ fi 110 ti ádápítọ̀ kún un, ó di 1600. RF 70-200 f/2.8 tó jáde lọ́dún 2019 jẹ́ 1070. Níbi ìkómọ, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Àmọ́ lọ́jọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tẹ́ ẹ bá ti wà lórí ìdúró látàárọ̀, tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń kọjá níkọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun bá fi máa jáde, apá á ti máa gbọ̀n. Ìdajì kílò lé díẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ohun kejì tún wà: R6 lè yọ fọ́tò 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n àwọn EF àtijọ́ míì kì í jẹ́ kó dé bẹ́ẹ̀. Fún ẹṣin tó ń sáré, ìyẹn ṣe pàtàkì. Fún ìyàwó tó ń jó wọlé, kò ṣe nǹkan kan.

Nítorí náà, bí owó bá dé, 70-200 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé RF ọdún 2019 yẹn máa ń nà jáde tẹ́ ẹ bá sún un, EF kì í nà. Ẹ nu ọ̀pá rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á padà, pàápàá níbi tí ẹsẹ̀ ẹṣin bá ti ń ta yẹ̀pẹ̀. 50 ẹ lè pààrọ̀ nígbàkigbà, RF 50 f/1.8 ò wọ́n, gíráàmù 160 péré ni. 85 àti 24-70, ẹ lò wọ́n gbó.

Ádápítọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí kò lórúkọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ so ó mọ́ kámẹ́rà, ẹ so 85 mọ́ ọn, ẹ di ìdí lẹ́ńsì mú, kẹ́ ẹ yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń mì jẹgẹjẹgẹ, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta níwájú ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn ò tíì rẹ́, kó kọjú sí i gbọọrọ, kẹ́ ẹ yà á ní f/2. Ẹ fẹ àwòrán náà lójú, kẹ́ ẹ wo sìmẹ́ńtì àárín búlọ́ọ̀kù lápá òsì àti ọ̀tún. Bí apá kan bá mọ́ kedere tí èkejì rí bàìbàì, nǹkan kan ti wọ́. Ẹ fi lẹ́ńsì náà sórí 6D, kẹ́ ẹ tún un yà: bó bá dára níbẹ̀, ádápítọ̀ ni. Ìdánwò kẹta: ẹ fi fókọ́ọ̀sì ọwọ́ wo òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó jìnnà réré. Bẹ́ ẹ bá yí i dé òpin tí òpó ò sì mọ́, ádápítọ̀ ti nípọn jù. Bó bá mọ́ kẹ́ ẹ tó dé òpin, kò burú, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tín-ín-rín díẹ̀. Ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá rọ́bà wà níbẹ̀ tó ń dí omi. Ojúde Ọba 2024 àti 2025 bọ́ sí oṣù Òkúdù, àárín òjò.

Bí F00 bá yọ lójú kámẹ́rà, ẹ má tíì sáré gbé e lọ fún oníṣẹ́. Lẹ́ńsì ò bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ ni, òógùn tàbí eruku ló sábà máa ń wà lórí àwọn ìdè wúrà kéékèèké tó wà ní ìdí lẹ́ńsì àti ádápítọ̀. Ẹ pa kámẹ́rà, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó ní ọtí isopropyl díẹ̀ nù ún. Ẹ má fi bíléèdì tàbí sáńpépà kàn án, wúrà á ṣí kúrò.

Tẹ́ ẹ bá ti ní RF pẹ̀lú EF, ìdí EF ni kí ádápítọ̀ máa wà, kì í ṣe ẹnu kámẹ́rà, kẹ́ ẹ sì ra ìdérí ẹ̀yìn RF fún un. Bẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ lẹ́ńsì, kí ẹnu kámẹ́rà dojú kọ ilẹ̀.

Àwọn oní-Nikon: FTZ, ádápítọ̀ tó ń gbé lẹ́ńsì Nikon àtijọ́ sórí kámẹ́rà Z, ò ní mọ́tò nínú. AF-S àti AF-P tí mọ́tò wà nínú wọn á máa ṣiṣẹ́, àmọ́ fókọ́ọ̀sì AF 85 f/1.8D àti AF 80-200 f/2.8D tí kò ní mọ́tò di aláfọwọ́yí. Ẹ ka ara lẹ́ńsì kẹ́ ẹ tó pinnu.

Ẹni tó fẹ́ gbé EF lọ sórí Sony, kó tà wọ́n. Ọgbọ́n ni àwọn tó ṣe ádápítọ̀ EF sí Sony fi mọ èdè lẹ́ńsì àti ti kámẹ́rà, nínú gbọ̀ngàn tí iná ò mọ́lẹ̀ lẹ ó sì ti rí i: fókọ́ọ̀sì á máa lọ á máa bọ̀, fídíò ló tiẹ̀ burú jù. Lẹ́ńsì Sony E tí kì í ṣe Sony ló ṣe é sì pọ̀, Tamron 28-75 f/2.8 G2 jẹ́ gíráàmù 540 péré. Lórí RF, Sigma àti Tamron bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024, àmọ́ ti sensọ̀ kékeré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò lè kún fírémù R6 yín.